Iná Yèyé ní Orí Òkè

Yèyé wa kì í béèrè bóyá a sùn dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ti ẹnu wọn jáde ni, "Uná ńkọ́?" Ẹni tó bá sùn sún mọ́ ilé ìdáná jù ni yóò dáhùn, bí oorun tilẹ̀ ń kùn ún, yóò ní, "Ó ń bẹ, Yèyé." Ìgbà yẹn ni wọn yóò tó gba ìkíni wa, tí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá ìyá mi ni mò ń sọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ti lọ báyìí. Wọ́n lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó lè ṣírò ọjọ́ orí wọn ṣe wí, àwọn ènìyàn sì ń kí wa pé a kú oríire, pé arúgbó la sin. Mo ń dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́. Èmi náà ti darúgbó, mo mọ bí a ṣe ń dáhùn irú ìkíni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ iná yìí tí kò jẹ́ kí ọpẹ́ náà dé ìsàlẹ̀ ọkàn mi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó láti kọ èyí.

"Uná" ni Yèyé máa ń pe iná, wọn a sì máa pe ilé ní "ulé", bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é. Àwa ọmọ Òṣogbo a máa sín wọn jẹ lẹ́yìn wọn, a ó máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń gbọ́. Wọ́n á kàn ní, "Ẹ sín mi jẹ títí. Uná mi náà lẹ ó yá."

Òótọ́ sì ni, àwa la ó yá a. Orí òkè kan lẹ́yìn Ìmẹ̀sí-Ilé ni ilé wọn wà, ní abúlé kékeré kan tí ọkọ̀ kò lè dé. Ní gbogbo ọlidé gígùn, nígbà tí òjò bá ti mú ilẹ̀, bàbá mi yóò kó wa sínú ọkọ̀ ní Òṣogbo, a ó sọ̀ ní Ìmẹ̀sí, a ó sì fi ẹsẹ̀ gun ìyókù. Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ oṣù Kẹjọ lónìí, ẹrẹ̀ ìgboro ló ń wá sí ọkàn àwọn ọmọ mi. Ní tèmi, kùrukùru ni. Kùrukùru orí òkè náà máa ń nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí o ó ti gbọ́ ìró ewúrẹ́ kí o tó rí i. Aṣọ ìbora wa máa ń rùn fún èéfín. A ó jí ṣa ìgbín kí oòrùn tó yọ, a ó tu koríko ìdí ebè, a ó wá olú lẹ́bàá ìtì igi tó ti jẹrà. Bí òjò ọ̀sán bá dé, gbogbo wa á rọ́ sínú ilé ìdáná, a ó máa sun àgbàdo, a ó máa pa àsálà jẹ. Iṣu tuntun yóò wà nínú ìkòkò. Yèyé yóò jókòó sórí àpótí, ẹ̀yìn wọn sí ògiri, ojú wọn sí ààrò. N kò mọ̀ nígbà náà pé bí ayé ṣe máa ń dùn mọ ni nìyẹn. Mo rò pé ó ṣì ń bọ̀ níwájú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí iná náà ṣe rí, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà òjò, ìṣáná máa ń tutù lórí òkè, igi a sì máa rin. Tí iná ilé kan bá kú, ó lè di ọ̀sán kí ó tó tún jó. Nítorí náà, ààrò kan ṣoṣo, ti Yèyé, ni gbogbo abúlé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìtì igi ńlá kan ni yóò wà nínú rẹ̀, yóò máa jó díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sùn, wọ́n á fi eérú bo ẹyin iná náà dáadáa bí ẹni bo ọmọ, wọ́n á tú u láàárọ̀. Olúkúlùkù ilé yóò mú àpáàdì wá, wọ́n á fọnná lọ. Ọwọ́ ìyá ọkọ wọn ni Yèyé ti gba ààrò náà, nígbà tí wọ́n jẹ́ ìyàwó tuntun. Òfin kan ló tẹ̀ lé e: a kì í bi ẹni tó wá fọnná ní ìbéèrè, a kì í sì í ní kó dúró. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Ọmọ ló ń sunkún lẹ́yìn ẹni tó wá fọnná."

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Yèyé lè jà. Wọ́n bá àkùkọ jà, wọ́n bá òjò jà, wọ́n sì bá olùkọ́ ìjọ wọn ní Ìmẹ̀sí jà fún ọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á gbé bàtà lé orí, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ lódò, wọ́n á wá wọ bàtà tó ń dán wọ ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n wọn kì í tètè dé, nítorí wọn kò ní kúrò nílé títí gbogbo ilé yóò fi fọnná tán. Olùkọ́ ìjọ bá wọn wí lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Màmá, Ọlọ́run kì í dúró de ẹnikẹ́ni." Yèyé tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti ń bọ̀. Òun náà ló rọ òjò tó bo ọ̀nà."

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo fi owó tí mo tọ́jú ra sítóòfù kẹrosíìnì kan fún wọn. Mo rù ú gun òkè náà, mo sì ń fọkàn yangàn. Yèyé jó fún mi. Wọ́n pe gbogbo abúlé wá wò ó. Nígbà tí mo padà dé ní ọlidé tó tẹ̀ lé e, mo bá a nínú yàrá, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n to gèlè wọn sórí rẹ̀.

"Yèyé, ẹ ò lò ó?"

"Mò ń lò ó. Ṣé o ò rí gèlè mi ni?"

"Yèyé!"

"Àjàní, sítóòfù rẹ dára. Kò ní èéfín, kò ní wàhálà. Àmọ́ ta ni yóò wá fọnná nínú rẹ̀?"

Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ sísè oúnjẹ ni wọ́n ń sọ.

Nínú gbogbo ìjà tí Yèyé jà, ọ̀kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn obìnrin ń gbé ní ilé tó kọjú sí tiwọn. Opó ni ìyá náà, wọ́n ti padà sí ilé bàbá wọn. Ní ilẹ̀ wa, gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé ọkọ ni ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe obìnrin, kò sì gbọ́dọ̀ pe wọ́n lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fún wọn ní orúkọ. Eyínfúnjowó ni Yèyé sọ ìyá yìí, nítorí eyín wọn tó funfun. Àwọn ará abúlé ní ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì nígbà kan, pé wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan.

Nígbà tí bàbá àgbà kú, ẹbí ní kí àbúrò wọn ṣú Yèyé lópó. Yèyé kọ̀. Wọ́n ní àwọn ti fẹ́ ọkọ tí àwọn yóò fẹ́. Ìyá yìí bínú, wọ́n sọ ọ́ lójú agbo ilé pé, "Nígbà tí o ò fẹ́ ọkọ nínú ilé wa mọ́, kí lo ń ṣe lábẹ́ òrùlé wa?"

Yèyé kò kó ẹrù wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò pe Eyínfúnjowó mọ́, ìyá yẹn náà kò sì kí wọn. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an, ìyá náà mú àpáàdì wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọnná, wọ́n lọ. Yèyé ti ya ẹyin iná tó pupa jù sí apá òsì ààrò fún wọn. Ọdún ń yí lu ọdún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Gbogbo ìgbà èwe mi, n kò gbọ́ kí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di dandan, ewúrẹ́ Yèyé ni wọ́n ń rán sí ara wọn.

"Ewúrẹ́," Yèyé á ní, "bá mi sọ fún àwọn kan pé òrùlé wọn ń jò lẹ́yìn."

Ìyá náà á dúró pẹ̀lú iná lọ́wọ́. "Ewúrẹ́, sọ fún ẹni tó ni ọ́ pé a ti rí i kí ojú rẹ̀ tó rí i."

"Ewúrẹ́, sọ pé a ò bínú, àánú ló ṣe wá."

"Ewúrẹ́, kí wọ́n fi àánú ra iyọ̀ sí ọbẹ̀ wọn. A ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ọ̀hún."

Àwa ọmọ á máa pa ẹnu mọ́ ẹ̀rín. Ewúrẹ́ á máa jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ. Bí ìyá náà bá ti wọlé tán, Yèyé á tún ẹyin iná tó kù kó jọ. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tí wọ́n sọ ọ́ sí ara wọn pé, "Ohùn wọn ti ń di ti arúgbó."

Yunifásítì ni mo wà nígbà tó ṣẹlẹ̀, ọlidé ló gbé mi wá. Òjò rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, gbogbo ilé wá fọnná, ó ku ẹnìkan. Yèyé ti ya ẹyin iná sí apá òsì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Wọ́n ní, "Ewúrẹ́, àwọn kan ti sùn gbàgbé lónìí o." Wọ́n gbálẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n dúró, wọ́n wo òdìkejì. Kùrukùru ti ń ká.

"Àjàní, wá wò ó. Èéfín kankan ò jáde lórí ilé yẹn."

"Bóyá wọ́n ti lọ sóko, Yèyé."

"Nínú òjò? Láìfọnná?"

Wọ́n ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n mú àpáàdì tiwọn, wọ́n kó ẹyin iná apá òsì yẹn sí i, wọ́n fi ewé kókò ṣíji bò ó nítorí òjò tó ń ṣẹ̀, wọ́n sì kọjá sí ọ̀hún. Mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. Ìyàwó kì í wọ yàrá ọkọ láìpe ọkọ. Mo ń wo ẹ̀yìn wọn. Nígbà náà ni mo gbọ́ orúkọ tí n kò gbọ́ rí láti ẹnu wọn.

"Eyínfúnjowó."

Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n tún pè.

"Eyínfúnjowó, ọkọ mi, mo gbé uná wá."

Ọmọdébìnrin kan bú sẹ́kún nínú ilé. Bọ́sẹ̀ ni, ọmọ ọmọ ìyá náà, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. A wọlé. Ìyá náà wà lórí ẹní. Apá kan ara wọn ti kú, ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ojú wọn là, wọ́n sì gbọ́ orúkọ náà. Omi ń dà lójú wọn. Ẹnu wọn ń mì, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Yèyé kúnlẹ̀ pẹ̀lú iná lọ́wọ́, wọ́n sì ń sọ pé, "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ pe olùtọ́jú aláìsàn ní Ìmẹ̀sí. Ó wá, ó fún wa ní oògùn, ó sì sọ fún wa pé ohùn náà kò ní padà. Kò padà. Ìyá náà wà láàyè títí ọyẹ́ fi dé. Ní gbogbo àárọ̀, Yèyé ń gbé iná lọ bá wọn, wọ́n ń pe orúkọ náà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń po ẹ̀kọ, wọ́n ń fún wọn jẹ, wọ́n sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹnu Yèyé nìkan ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti ń jáde. "Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ wí. Ẹ fẹ́ ní ẹ̀kọ mi ti ki jù. Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ ọwọ́ mi tẹ́ yín lọ́rùn rí?" Ojú ìyá náà yóò rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí Yèyé ń ṣèlérí fún wọn níjọ́ kan pé, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ wọn kan bá ń dáná nínú ilé yìí, iná kò ní kú lọ́wọ́ àwọn.

Kí n tó padà sí ilé ìwé, mo bi wọ́n pé, "Yèyé, kí ló dé tí ẹ ò tètè bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Àwọn ni ọkọ. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ pè mí. Àwọn náà á máa ní èmi ni ìyàwó." Wọ́n tún ìtì igi sún síwájú. "Mo ṣe bí uná tí mò ń fún wọn ti tó. Àjàní, bí o bá gbé uná fún ènìyàn, fi ọ̀rọ̀ lé e."

Ó ti pẹ́ gan-an tí èyí ṣẹlẹ̀. Mo ṣiṣẹ́, mo fẹ̀yìn tì, ìyá mi kú, Yèyé ṣì wà lórí òkè. Láti ọjọ́ ìyẹn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọnná láìjẹ́ pé wọ́n bá a sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe èébú. Nígbà tí ojú wọn ṣókùnkùn, tí wọ́n sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, a ní wọ́n gbọ́dọ̀ wá máa bá wa gbé nílé wa ní Igbona, ní Òṣogbo. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn ló yẹ kí arúgbó wà. N kò tíì rí ẹni tó sọ pé a ṣe àṣìṣe. Ọjọ́ tí a lọ gbé wọn, wọ́n ní kí a mú wọn lọ sí ilé ìdáná ná. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi ọwọ́ wá ẹyin iná, wọ́n fi eérú bò ó, ó pẹ́ kí wọ́n tó dìde. Wọ́n ní, "N kò ní pẹ́ dé." Ọ̀dọ́kùnrin abúlé kan pọ̀n wọ́n sọ̀kalẹ̀.

Ní Igbona, gáàsì là ń lò. Ìyàwó mi yóò yí i, yóò jó búlúù, yóò tún yí i, yóò kú. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò náà ló ní gáàsì tirẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn ló sì wà ní títì. Láàárọ̀, Yèyé á pè mí.

"Àjàní, uná mi ńkọ́?"

"Ó ń bẹ, Yèyé."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Wọ́n pè wá láti òkè."

Kò sí ẹni tó pè wá. Nẹ́tíwọ́kì kò dé orí òkè náà, àwa kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ wò ó. A mọ̀ pé ààrò tí a fi sílẹ̀ láìní olùtọ́jú ti di eérú tútù, a kò kàn fẹ́ kí ọkàn wọn bàjẹ́ ni. Yèyé á kọ ojú wọn tí kò ríran mọ́ sí mi, wọ́n á tẹ́tí sí ohùn mi bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Irọ́ rẹ ò tíì jinná, Àjàní."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Wọ́n ń béèrè, mo ń dáhùn, wọn kò gbà mí gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ìyàwó mi gbọ́ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú yàrá, wọ́n ń sọ pé, "Eyínfúnjowó, ẹ má bínú. Ó kú lọ́wọ́ mi." Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí wọ́n fi lọ, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọn kò béèrè iná.

Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìmẹ̀sí la sin wọ́n sí. Ìsìnkú náà lọ dáadáa. Kúlà ni wọ́n fi gbé oúnjẹ wá láti Iléṣà, kò sí ẹni tó gun òkè.

Oṣù Kẹjọ tó kọjá yìí ni mo gùn ún. Mo sinmi lọ́nà ju bí mo ti lè kà lọ. Mo fẹ́ sun àgbàdo kan ṣoṣo jẹ nínú ilé ìdáná Yèyé. Ìtì igi wà níbẹ̀, ó dúdú, ó tutù. Eérú ti dì. Mo kó igi jọ, mo ṣá ìṣáná títí ó fi tán. Igi tutù, kùrukùru ti wọlé bá mi. Mo jókòó sórí àpótí Yèyé, mo kọ ẹ̀yìn sí ògiri.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan. Obìnrin kan yọ láti inú kùrukùru, ó gbé àpáàdì lọ́wọ́, ewé kókò lórí rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá Òṣogbo. Mo rí yín tí ẹ gòkè. Mo wò títí, n kò rí èéfín."

Bọ́sẹ̀ ni. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó kúnlẹ̀, ó da ẹyin iná sínú ààrò, ó sì ń fẹ́ ẹ.

"O ṣeun, Bọ́sẹ̀. O bá mi fi iná tìrẹ wá."

"Iná tèmi kẹ̀?" Ó wò mí. "Iná Yèyé ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ gbé wọn lọ, mo wá fọnná bí mo ṣe máa ń wá. N kò bá ẹnikẹ́ni. Mo tú eérú, mo rí i pé ó ṣì pupa. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé. Gàrí ni mò ń yan, kì í kúrò nídìí ààrò mi. Mo ní bí Yèyé bá dé, àwọn ló máa wá fọnná lọ́wọ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. "Kò tíì kú lọ́jọ́ kan."

Mo fi aṣọ nu ojú mi. Ó ṣe bí èéfín ló mú mi lójú, ó bá mi sún igi síwájú, ó ní òun ń lọ gbé àgbàdo wá.

Gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń purọ́ ní Igbona, òótọ́ ni mò ń sọ, n kò sì mọ̀ ọ́n. Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, ohùn mi ì bá yàtọ̀, etí Yèyé ì bá sì gbọ́ ọ.

Igi náà gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo sún mọ́ ọn. Mo sọ ọ́ síta, nínú ilé ìdáná tí kò sí ẹlòmíràn, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ láti kékeré, pé, "Ó ń bẹ, Yèyé."

Mo dúró. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé irọ́ mi ò tíì jinná.